Àbọ̀ṣẹ́ Orí Òkè: Ìtàn Àwọn Tó Ń Wa Jínsẹ́ńgì

Bí wọ́n bá hú gbòǹgbò jínsẹ́ńgì kan nínú igbó orí òkè Appalachia, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ọrùn rẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ọrùn yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, òun ló so gbòǹgbò tó sanra nísàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá ewé tó yọ sókè. Lọ́dọọdún, tí òtútù bá ti ń dé, ọ̀pá ewé náà á gbẹ, á já bọ́, ojú ibi tó ti já á sì di àpá kékeré kan lára ọrùn. Àpá kan, ọdún kan. Ẹni tó bá lójú inú á ka àwọn àpá yìí bí a ṣe ń ka ilà ojú, á ní ọmọ ọdún méjìlá nìyí, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni tọ̀hún. Kì í ṣe atalẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní jínjà ni mò ń sọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra létí. Jínsẹ́ńgì ni ẹ máa ń rí orúkọ rẹ̀ lára páálí oògùn amárale tí àwọn kẹ́míìsì wa ń tà. Abẹ́ igi ńlá, níbi tí oòrùn kò ti ráyè wọlé dáadáa, ló máa ń hù, láti apá gúúsù Kánádà títí dé Georgia. Ewé rẹ̀ pín sí márùn-ún bí ìka ọwọ́, èso rẹ̀ pupa fòò lópin ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yára. Hóró rẹ̀ lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ kó tó hù, ó sì máa ń tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kó tó so èso tirẹ̀.

Ohun tó ń lọ́ra báyìí ni àwọn ará òkè ti ń hú tà láti ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ń pè é ní iṣẹ́ òun. Àgbẹ̀ alágbàdo ni wọ́n, tàbí agégẹdú, tàbí awakùsà èédú. "Sang" ni wọ́n ń pe gbòǹgbò náà láàárín ara wọn, lílọ wá a nínú igbó sì ni "sanging". Àbọ̀ṣẹ́ ló jẹ́ fún wọn, bí ẹmu dídá àti ìgbẹ́ dídẹ ṣe jẹ́ àbọ̀ṣẹ́ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó bá ti oko dé. Nígbà tí jínsẹ́ńgì inú igbó wá ń ṣọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ẹ̀bi kà: tálákà ni wọ́n, ojú ń kán wọn, wọn kò ro ọ̀la. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí wíwa jínsẹ́ńgì bá jẹ́ àbọ̀ṣẹ́ nínú igbó tí àwọn awagbòǹgbò fúnra wọn ń tọ́jú, gbòǹgbò náà máa ń ráyè mí. Ìgbà tí ọjà bá sọ ọ́ di iṣẹ́ tí èèyàn ń torí rẹ̀ fi oko sílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá já igbó gbà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ni ìparun máa ń dé.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní 1711, Pierre Jartoux, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Jésúíìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ọba Kangxi, kọ lẹ́tà sílé láti Beijing nípa gbòǹgbò kan tó rí ní agbègbè Manchuria. Ó ròyìn pé ní 1709 ọba náà rán 10,000 èèyàn wọgbó láti lọ wá a, kí oníkálukú wọn kọ́kọ́ mú ìpín ọba wá. Ó fi kún un pé bí gbòǹgbò yìí bá lè hù níbòmíràn láyé, Kánádà ló máa jẹ́, torí òkè àti igbó tibẹ̀ jọ ti Manchuria. Lẹ́tà yìí bọ́ sọ́wọ́ Jésúíìtì mìíràn, Joseph-François Lafitau, tó ń gbé láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń jẹ́ Mohawk ní Kahnawake, lẹ́bàá Montreal ní Kánádà. Lafitau fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta wá a kiri, kò rí i. Ọjọ́ kan báyìí ní 1716, tí ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, èso pupa kan wọ̀ ọ́ lójú nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé fún un. Ó fi han obìnrin Mohawk kan, obìnrin náà sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, pé oògùn ilé àwọn ni. Gbòǹgbò náà sábà máa ń là sí méjì bí itan èèyàn, ohun tí orúkọ rẹ̀ lédè Mohawk sì ń tọ́ka sí nìyẹn. Nínú orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún un náà, "èèyàn" wà níbẹ̀. Ẹnu ya Lafitau pé òkun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ojú kan náà ni wọ́n fi wò ó.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò pẹ́ rárá. Àwọn oníṣòwò Faransé tó wà ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láti tà á ní Ṣáínà, owó rẹ̀ sì ń ga. Pehr Kalm, onímọ̀ ewéko ará Sweden tó kọjá níbẹ̀ ní 1749, ròyìn pé àwọn àgbẹ̀ Faransé kò rí ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo háyà láti bá wọn kórè bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí gbogbo wọn ti bá jínsẹ́ńgì wọgbó. Ẹ kíyè sí i: oko ti di ohun àfisílẹ̀, àbọ̀ṣẹ́ ti gorí àga iṣẹ́. Ní 1752, iye tó kúrò ní Kánádà tó 500,000 owó Faransé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kánjúkánjú ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ń hú u nígbà ìrúwé, nígbà tí gbòǹgbò kò tíì gbó, tí èso kò tíì pọ́n tí hóró máa fi bọ́ sílẹ̀. Wọn kò fara balẹ̀ sá a níbi tó ní ìbòji. Inú ààrò gbígbóná ni wọ́n ń kó o sí kó lè tètè gbẹ. Àwọn ará Canton ní Ṣáínà wo ẹrù náà, wọ́n kọ̀ ọ́. Ní 1754, iye tó jáde wálẹ̀ sí 33,000. Ó ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Quebec, ní Kánádà níbẹ̀, fi ń fi ìṣubú jínsẹ́ńgì ṣàpèjúwe ohunkóhun tó bá wó lulẹ̀. Obìnrin Kahnawake tó mọ gbòǹgbò yìí bí ẹni mọ ewé ẹ̀fọ́ kọ́ ló fa ìyẹn. Owó ọjà ló fà á.

Níhà gúúsù, lórí òkè tó di North Carolina àti Tennessee lónìí, àwọn Cherokee, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ní ìlànà tiwọn. James Mooney, tó gbé láàárín wọn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì tẹ ọfọ̀ àwọn oníṣègùn wọn jáde ní 1891, ṣàlàyé pé oníṣègùn tó bá wá jínsẹ́ńgì lọ kì í hú èyí tó kọ́kọ́ rí. Á kọjá lára èkíní, á kọjá lára ìkejì àti ìkẹta; ìdí ìkẹrin ló máa dúró. Á bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, á tọrọ díẹ̀ nínú ẹran ara rẹ̀, bó bá sì ti hú u tán, á ju ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú ihò, á fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Owó ọjà nìyẹn. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa: àwọn oníṣègùn tiwa náà mọ̀ pé a kì í já àwọn ewé kan lọ́fẹ̀ẹ́, pé owó gbọ́dọ̀ bọ́ sídìí igi, àṣà yìí sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ Ọ̀sanyìn ní Brazil àti Cuba. Ẹnìkan lè ní ìtàn adùn-ún-gbọ́ lásán ni, pé àwọn Cherokee kan náà ló wá tà á fún oníṣòwò òyìnbó nígbà tó yá. Wọ́n tà á lóòótọ́. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Ìṣirò tó wà nínú àṣà náà ni mò ń wò. Ẹni tó gbọ́dọ̀ rí mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan ìkẹrin, bó bá dé ibi tí kò ti pé mẹ́rin, òfo ló máa bá kúrò níbẹ̀. Ibi tó ti kù díẹ̀ ló dáàbò bò jù, láìsí ọlọ́pàá kankan.

Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ mu tíì Ṣáínà, Ṣáínà kò sì fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn ju fàdákà lọ, èyí tí wọn kò ní, àti gbòǹgbò yìí, tó ń hù lẹ́yìnkùlé wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1784, ọkọ̀ ojú omi Empress of China gbéra ní New York lọ sí Canton pẹ̀lú nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù jínsẹ́ńgì, ó sì padà dé ní oṣù karùn-ún 1785 pẹ̀lú tíì àti èrè tó tó 30,000 dọ́là. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà lọ ṣòwò ní Ṣáínà nìyẹn, gbòǹgbò inú igbó ló sì gùn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1784, kí ọkọ̀ náà tó padà, George Washington gun ẹṣin lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ lódìkejì òkè Allegheny. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn àti ẹṣin tó ru jínsẹ́ńgì lọ sọ́jà, tí wọ́n á fi ra iyọ̀ àti nǹkan mìíràn bọ̀ wálé. Iyọ̀ yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n inú ọkọ̀ lọ. Àwọn tí Washington pàdé kò wá ọrọ̀. Wọ́n ní ẹran, wọ́n ní àgbàdo, ohun tí ilẹ̀ wọn kò lè mú jáde ni wọ́n ń wá. Ẹ fi wọ́n wé Daniel Boone, ọdẹ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ròyìn, Boone kó jínsẹ́ńgì tó tó tọ́ọ̀nù méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ ní nǹkan bí 1787 sí 1788, ó fi ọkọ̀ kó o gba odò Ohio, omi wọ ọkọ̀, ẹrù bàjẹ́, kó tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe kó sì dé ọjà, owó ti já. Ẹni tó sọ ọ́ di òwò ńlá kò rí ohun tó ń wá, ẹni tó wá iyọ̀ rí iyọ̀.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àbọ̀ṣẹ́ yìí gbilẹ̀ jù, ìwé gbèsè àwọn ìsọ̀ orí òkè sì ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lórí rẹ̀. Owó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará òkè, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń rà láwìn: bàtà, kọfí, aṣọ, ẹ̀tù ìbọn. Bí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n á mú gbòǹgbò gbígbẹ wá, oníṣọ̀ọ́bù á wọ̀n ọ́n, á fi pa gbèsè rẹ́. Àkókò rẹ̀ bá ti oko mu rẹ́gí. Wọ́n ti ro àgbàdo tán, kò tíì tó kórè, ọwọ́ dilẹ̀. Èso jínsẹ́ńgì ń pọ́n lásìkò náà, ẹni tó bá wọgbó á sì tètè rí i. Obìnrin àti ọmọdé ń lọ, kódà opó tí kò ní ẹni tó máa roko fún un rí bàtà ọmọ rà nínú rẹ̀. Owó orí ilẹ̀, tí ìjọba kò jẹ́ gba àgbàdo fún, ibẹ̀ náà ló ti ń jáde fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Láti ọwọ́ oníṣọ̀ọ́bù, ẹrù á lọ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà ńlá bíi Calvin Cowles ní Wilkes County, àti lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, sí ilé Wallace Brothers ní Statesville, North Carolina, tó dà bí ìsọ̀ lékulèja kan tó tó ilé ìkẹ́rù sí, tí egbò àti èèpo igi oríṣiríṣi kún inú rẹ̀ dé àjà. Luke Manget, tó kọ odindi ìwé lórí àwọn awagbòǹgbò Appalachia ní 2022, jẹ́ kó yé wa pé ohun tó mú gbogbo èyí ṣeé ṣe ni pé igbó jẹ́ àjùmọ̀ní. Kí ilẹ̀ jẹ́ ti Lágbájá nínú ìwé kò ní kí Tàmẹ̀dò má wọ ibẹ̀ wa gbòǹgbò. Oko tí ọgbà yí ká ni oko olóko. Igbó tó kù, igbó ará àdúgbò ni.

Ibí ni àtakò tó le jù ti dé. Ní 1822, jínsẹ́ńgì tó kúrò ní Amẹ́ríkà lé ní 750,000 pọ́ùn ní ìwọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí, èyí tó ń ti inú igbó jáde kì í pé 100,000. Bí àbọ̀ṣẹ́ bá ń dáàbò bo gbòǹgbò, báwo ni àbọ̀ṣẹ́ kan náà ṣe kó iye tó pọ̀ tó báyẹn jáde, tó sì wá ku kékeré? Ìbéèrè gidi ni. Mo gbà pé àbọ̀ṣẹ́ kò sọ jínsẹ́ńgì di aláìkú. James McGraw ti Yunifásítì West Virginia ṣàyẹ̀wò àwọn ewé jínsẹ́ńgì tí àwọn onímọ̀ ti ń já, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ pépà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé àwọn ti àìpẹ́ kéré sí àwọn ti àtijọ́. Àwọn tó tóbi ni ọwọ́ ń bà, àwọn kéékèèké ló ń ṣẹ́ kù láti bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ìgbà ṣe gùn tó. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ti ń mú díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, gbòǹgbò náà wà níbẹ̀ fún igba ọdún, ó ṣì wà. Ní Minnesota, ọdún mélòó kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìdàrúdàpọ̀ owó ọdún 1857 ti sọ àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà dó di ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ní 1859 àwọn alágbàtà dé, wọ́n ń fi owó kẹ́ṣì ra gbòǹgbò, odindi ìdílé sì ti ilé wọn, wọ́n kó sínú igbó. Jínsẹ́ńgì gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi, òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí igbó fi gbẹ, torí kò sí oko kankan tó ń pè wọ́n padà sílé, tó ń sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé wọn kì í sábà fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ kún ìtàn yìí. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn iléeṣẹ́ gẹdú àti èédú bẹ̀rẹ̀ sí í ra òkè Appalachia lọ́pọ̀ yanturu, lọ́pọ̀ ìgbà ní owó pọ́ọ́kú. Fún ìgbà pípẹ́ wọn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, awakùsà tó bá sì rí owó díẹ̀ nínú igbó kò ní pariwo jù lórí owó oṣù. Nígbà tí Mary Hufford ti Ilé Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà lọ bá àwọn ará Coal River ní West Virginia ní àwọn ọdún 1990, ó bá àwọn èèyàn tó mọ àfonífojì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, tí wọ́n mọ ẹni tó ti wa gbòǹgbò níbẹ̀ rí àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Àsìkò náà gan-an ni àwọn iléeṣẹ́ èédú ń fi ẹ̀tù fọ́ orí òkè, tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú àfonífojì, tí wọ́n sì ń fi géètì dí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀. Jínsẹ́ńgì tí ọkọ́ kékeré bá hú lè ti fi hóró sílẹ̀. Èyí tí katapílà bá gbé òkè rẹ̀ lọ kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ka àwọn tó pa jínsẹ́ńgì run, ọlọ́kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Wọ́n á ní, ṣé tálákà kọ́ ló ń wa á jù ni? Ní West Virginia, àwọn olùwádìí fi iye gbòǹgbò tí wọ́n ń tà wé iye àwọn tí kò níṣẹ́, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì sábà máa ń gòkè pọ̀. Ohun tí èyí ń sọ fún mi kò ta ko ohun tí mo ti ń wí. Ẹni tí ibi ìwakùsà bá ti mọ́ lójú kò ní iṣẹ́ mìíràn tí jínsẹ́ńgì máa jẹ́ àbọ̀ṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò gbígbẹ tó wọn pọ́ùn kan lè tó 300, ọjà ọdún tó bá dára sì lè san 500 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Fún ẹni tó ní owó oṣù, bàtà iléèwé ọmọ àti ẹ̀bùn Kérésìmesì nìyẹn. Á mú ìwọ̀nba, á fi ìyókù de ọdún tó ń bọ̀. Fún ẹni tí kò ní nǹkan kan, owó ilé oṣù yìí ni, ọdún tó ń bọ̀ sì jìnnà.

Àwọn kan gbà pé gbígbìn ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì ṣìnà pátápátá. George Stanton ti gbìyànjú rẹ̀ ní New York kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fromm ní Wisconsin, tó jẹ́ pé òwò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírun fàdákà ni wọ́n ń wá owó rẹ̀, hú gbòǹgbò nínú igbó, wọ́n gbìn ín sábẹ́ àtíbàbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Marathon County tiwọn náà ló wá di ibi tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú jínsẹ́ńgì oko Amẹ́ríkà ti ń jáde dòní. Àwọn ará Ṣáínà ní orúkọ fún ti Amẹ́ríkà lódindi, wọ́n ń pè é ní jínsẹ́ńgì alásíá olódòdó, nítorí àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ rí lórí ọkọ̀ ní Canton. Àmọ́ oníbàárà wọn kò gba ti oko àti ti igbó bí ọ̀kan náà. Ti oko máa ń sanra, ara rẹ̀ á dán, ọrùn rẹ̀ á kúrú, torí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbìn ín. Ti igbó á rún, á wọ́, ojú òrùka òrùka á wà lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á gùn. Ọrùn yẹn ni wọ́n ń sanwó fún, ọdún inú rẹ̀ ni wọ́n gbà pé agbára wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó ti igbó fi pọ̀ ju ti oko lọ ní ìlọ́po púpọ̀, tí oko fi pọ̀ yanturu ní Wisconsin tí ẹnikẹ́ni kò sì torí rẹ̀ fi igbó Kentucky sílẹ̀.

Òfin ńkọ́? Ní 1975 ni jínsẹ́ńgì Amẹ́ríkà wọ inú àdéhùn àgbáyé CITES, tó ń mójú tó òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó lè tán, ìpínlẹ̀ 19 péré ló sì láṣẹ láti jẹ́ kí wọ́n wa ti igbó fún títà sókè òkun. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bú òfin wọ̀nyí pé àjèjì ló gbé wọn kalẹ̀ fún ará òkè. N kò fara mọ́ ìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni àkókò máa ń ṣí, nígbà tí èso ti pọ́n. Gbòǹgbò gbọ́dọ̀ pé ọdún márùn-ún, ọ̀pá ewé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹni tó bá hú u gbọ́dọ̀ tẹ èso pupa rẹ̀ bọ ilẹ̀ níbi tó ti hú u. Illinois le jù, ọdún mẹ́wàá ni tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ọlọ́gbọ́n awagbòǹgbò kò ti máa ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin mú ọgbọ́n àbọ̀ṣẹ́, ó fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú, ó dára bẹ́ẹ̀. Irú òfin kejì, èyí tó kàn ń ti igbó, ni mo ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Wọ́n dá ọgbà ìjọba Great Smoky Mountains sílẹ̀ ní 1934, wọ́n kó àwọn tó ń gbébẹ̀ kúrò, wíwa jínsẹ́ńgì sì di ìwà ọ̀daràn lórí ilẹ̀ tí ìyá àgbà àwọn kan ti ń wa á. Àwọn aṣọ́gbó ibẹ̀ máa ń da aró sára gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jà, wọ́n sì máa ń gbin èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ olè padà. Iṣẹ́ takuntakun ni. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń mú àwọn èèyàn níbẹ̀, àwọn míì lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí igbó jẹ́ ti ará àdúgbò, ojú á ti ẹni tó bá hú kékeré níwájú aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tó di ti ìjọba, òru ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ẹni tó sì ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wa gbòǹgbò kì í dúró ka ẹ̀ka.

Oṣù kìíní ọdún 2014 ni ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Appalachian Outlaws bẹ̀rẹ̀, tó fi jínsẹ́ńgì hàn bí ẹni fi góòlù hàn. Àwọn tí kò mọ ewé rẹ̀ yàtọ̀ sí ewé igi mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọgbó, wọ́n hú ọmọdé mọ́ àgbà. Quebec ọdún 1752 ló tún padà dé yẹn, àyàfi pé tẹlifíṣọ̀n ló ṣe iṣẹ́ tí àwọn oníṣòwò Faransé ṣe nígbà yẹn. Yàtọ̀ sí èèyàn, àgbọ̀nrín náà ń jẹ tirẹ̀ nínú jínsẹ́ńgì, torí ìkookò àti ẹkùn òkè tó máa ń pa á jẹ ti kúrò nílẹ̀. McGraw àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2005 tó fi hàn pé àgbọ̀nrín nìkan lè pa jínsẹ́ńgì àwọn igbó kan tán bí kò bá dínkù. Ní 2021, àwọn tó ń mójú tó igbó ìjọba Nantahala àti Pisgah ní North Carolina dá ìwé àṣẹ wíwa jínsẹ́ńgì dúró, wọ́n ní ó ti kéré jù. Tẹ́lẹ̀, igbó méjèèjì yìí wà lára ibi tí èèyàn ti lè san owó díẹ̀, kó gba ìwé, kó wọlé lójú ọ̀sán, kó wa ìwọ̀nba tirẹ̀. Bí èso bá tún pọ́n níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, àwọn tó kọ́ láti ọwọ́ bàbá wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ hóró bọ ilẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyẹ àti àgbọ̀nrín ló kù níbẹ̀, àti ẹni tó bá fi òru bojú.